William Walker, Amòòkùn Winchester

Ìlú Winchester wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú àtijọ́ ni. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú ọba ilẹ̀ náà fi ṣe ibùjókòó kí Lọ́ńdọ̀nù tó di olú ìlú wọn. Nínú ìlú yìí ni ilé ìsìn ńlá kan wà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1079, ó sì wà lára àwọn ilé ìsìn tí ó gùn jù lọ ní gbogbo Yúróòpù. Ilé náà ti dúró fún ohun tí ó lé ní 800 ọdún kí ó tó di pé ó fẹ́ wó. Ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ rẹ̀ kí ó má bàa wó kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ọlọ́lá, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Òṣìṣẹ́ ni, ẹni tí ń fi mímòòkùn wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. William Walker ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1869 ni a bí i ní Newington, ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bellenie ni orúkọ ìdílé tí a bí i sí, ṣùgbọ́n Walker ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní ọdún 1887 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ amòòkùn ní Portsmouth. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá ilé iṣẹ́ Siebe Gorman tí ń ṣe ohun èlò àwọn amòòkùn, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ó fi di ẹni iwájú láàrin àwọn tí ń ṣiṣẹ́ abẹ́ omi fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Winchester. Ìdí tí ilé ìsìn náà fi ń rì ni pé orí ilẹ̀ tí kò le ni a kọ́ ọ sí. Bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, yóò kọ́kọ́ kan amọ̀. Lẹ́yìn náà yóò kan ilẹ̀ dúdú kan tí ó rọ̀ bí kànrìnkàn, èyí tí ewéko jíjẹrà ìgbà láéláé dì pọ̀ dà. Abẹ́ èyí ni òkúta wẹ́wẹ́ líle wà. Àwọn tí ó kọ́ apá ìlà-oòrùn ilé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá kò lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé orí òkúta yìí, nítorí omi tí ń sun lábẹ́ ilẹ̀ dí wọn lọ́wọ́. Igi ni wọ́n gé, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì gbé ògiri lé e lórí. A kò gbọdọ̀ bú wọn. Ohun tí agbára wọn ká ni wọ́n ṣe, igi náà sì fara da ẹrù yìí fún nǹkan bí 700 ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọdún 1905, ògiri ti fì síta, òkúta ti ń já bọ́ láti òkè, sísán ara ògiri sì ti gbòòrò débi pé òwìwí ń rí ibi sùn sí nínú rẹ̀.

Àwọn alábòójútó ilé náà ránṣẹ́ sí Thomas Jackson, ayàwòrán ilé tí ó lókìkí. Òun náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti òun nìkan lọ, ó sì pe Francis Fox, ẹnjiníà, wá sí i. Wọ́n ní kí a gbẹ́ kòtò tóóró lẹ́bàá ògiri, kí a lè ti ibẹ̀ kọ́ ìpìlẹ̀ tuntun sí abẹ́ ti àtijọ́. Bí a ti gbẹ́ ẹ, omi kún inú rẹ̀. A gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi wá, ẹ̀rọ náà sì fà á. Àmọ́ bí ó ti ń fa omi ni ó ń fa ilẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn láti abẹ́ ògiri. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbẹ́ kànga nínú iyanrìn rí yóò mọ ohun tí mo ń wí: bí a ti ń gbọ́n omi ni ẹ̀gbẹ́ kànga ń ya wọlé. Ohun tí a fi ń wo àìsàn ilé náà ti fẹ́ pa á. Fox wá gbèrò ohun kan tí ẹlòmíràn kò rò. Ó ní kí a jẹ́ kí omi wà ní ibi tí ó wà, kí a sì rán ènìyàn wọ inú rẹ̀ lọ. Báyìí ni Walker ṣe dé Winchester ní oṣù kẹrin ọdún 1906.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ irú aṣọ tí ó ń wọ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ bí iṣẹ́ náà ti wúwo tó. Augustus Siebe, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe irú aṣọ náà ní nǹkan bí ọdún 1837. Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ sì ni Walker ń bá ṣiṣẹ́. Aṣọ náà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láti ọrùn dé ẹsẹ̀, a tẹ́ rọ́bà sí àárín ìpele rẹ̀ méjèèjì kí omi má bàa wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni ó yọ síta. Àṣíborí bàbà ni a fi ń bo orí, ó ní fèrèsé dígí, a sì ń dè é mọ́ àwo bàbà tí ó wà léjìká. Rọ́bà gígùn kan ti ara àṣíborí náà lọ sókè, sí ibi tí àwọn ọkùnrin dúró sí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí amòòkùn.

Níhìn-ín ni ìṣòro wà. Aṣọ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ yóò léfòó dandan, gẹ́gẹ́ bí akèrègbè tí a dí lẹ́nu ṣe ń léfòó lórí odò. Nítorí náà ni a fi ń so òjé mọ́ amòòkùn, ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ̀n tó nǹkan bí 40 pọ́ùn. Bàtà rẹ̀ pàápàá ní àtẹ́lẹsẹ̀ òjé. Kì í ṣe pé a kàn ń di ẹrù lé ènìyàn lórí. Bí òjé bá pọ̀ níwájú ju ẹ̀yìn lọ, amòòkùn yóò dojú bolẹ̀. Bí ó bá pọ̀ lẹ́yìn, yóò na gbalaja. Bí bàtà bá sì fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ lè sá lọ sí ẹsẹ̀ aṣọ, kí orí rẹ̀ sì di ìsàlẹ̀. Gbogbo ìhámọ́ra Walker wọ̀n tó 200 pọ́ùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ, èyí ni nǹkan bí 91 kílò. Nígbà tí ó bá dé inú omi, afẹ́fẹ́ yóò gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà fún un. Ihò kékeré kan wà lára àṣíborí tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń fún un tàbí tú u: bí ó bá fẹ́ dúró ṣinṣin ní ìsàlẹ̀, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, bí ó bá fẹ́ gòkè, yóò dá a dúró sínú aṣọ.

Àwọn amòòkùn òde òní ń wọ ohun tí ó fúyẹ́ ju èyí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni wọ́n ń ṣe. Láti ọdún 1943 tí Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ mímí wọn ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ amòòkùn ń pọn afẹ́fẹ́ tiwọn sẹ́yìn nínú àgbá irin. Púpọ̀ nínú wọn ń lo irin pẹlẹbẹ kan tí ó sùn mọ́ ẹ̀yìn, tí a fi okùn fífẹ̀ kan ṣoṣo gba inú ihò rẹ̀ yí èjìká àti ìbàdí ká. Láàrin irin yìí àti àgbá ni a fi àpò afẹ́fẹ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní ìyẹ́ nítorí pé ó yọ sí ọ̀tún àti òsì. Ẹni tí yóò yan irin rẹ̀ ní láti ro omi tí ó ń lọ. Bí omi bá tutù, aṣọ rẹ̀ yóò nípọn, aṣọ nínípọn sì ń léfòó, nítorí náà irin líle tí ó wọ̀n tó nǹkan bí 6 pọ́ùn ni yóò bá a mu. Bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́, alumíníọ́mù tí kò ju nǹkan bí 2 pọ́ùn lọ tó o. Ìyẹ́ náà ní láti tóbi tó láti gbé e dúró nígbà tí àgbá rẹ̀ kún, tí omi jíjìn sì ti fún aṣọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n àṣejù kò dára nínú rẹ̀: ìyẹ́ tí ó tóbi ju iṣẹ́ lọ yóò máa gbọ̀n pẹ́pẹ́ kiri, yóò sì máa fa ẹni náà sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ kan wà o. Ẹni òde òní fẹ́ dúró ní agbede méjì omi, kí ó má rì, kí ó má sì léfòó. Walker fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́, òjé púpọ̀ sì ni ó tọ́ sí i.

Iṣẹ́ náà rí báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò gbẹ́ kòtò títí wọn yóò fi kan omi, Walker yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Omi náà jìn tó 20 ẹsẹ̀ bàtà ní ibòmíràn. Bí ó bá ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ a dà bí inú ìkòkò aró. Fìtílà kankan kò wúlò níbẹ̀. Ọwọ́ lásán ni ó fi ń táràrà kiri bí afọ́jú. Yóò gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ náà kúrò títí yóò fi fọwọ́ ba òkúta wẹ́wẹ́, yóò kó o sínú garawa kí àwọn ará òkè fà á gòkè. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò sọ àpò kọnkéré sí i. Yóò to àwọn àpò náà sí ìsàlẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn wọn, yóò sì to òmíràn lé wọn, kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra. Sìmẹ́ǹtì kò nílò oòrùn kí ó tó le. Inú omi gan-an ni ó ti ń le. Nígbà tí ó bá ti le tán, ó ti dí ojú ìsun omi nìyẹn, a sì lè fa ìyókù omi kúrò láìséwu. Ìgbà náà ni àwọn bíríkìlà yóò wọlé.

Wákàtí mẹ́fà ni ó ń lò nínú òkùnkùn yìí lóòjọ́, fún ohun tí ó lé ní ọdún márùn-ún. Ibi ìsìnkú àtijọ́ ni ilẹ̀ náà, omi tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò sì mọ́. Wíwọ aṣọ náà àti bíbọ́ ọ pẹ́ púpọ̀, nítorí náà bí àkókò oúnjẹ bá tó, kò ní bọ́ ju àṣíborí nìkan lọ. Yóò jókòó nínú òjé rẹ̀, yóò jẹun, yóò fa ìkòkò tábà rẹ̀, yóò sì tún padà sísàlẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀ ní agbègbè Croydon, ìrìn tí ó lé ní 60 máìlì, a sì máa wọ ọkọ̀ ojú irin padà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí ní ọdún 1911, a ti lo 25,800 àpò kọnkéré, 114,900 búlọ́ọ̀kù kọnkéré, àti 900,000 bíríkì. Àwọn mìíràn máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé Walker nìkan ni ó to gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 150 òṣìṣẹ́ ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn bíríkìlà ni ó to bíríkì. Àwọn tí ń yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò sì gbọdọ̀ sinmi nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ wà ní ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ìbá ṣeé ṣe nínú iṣẹ́ wọn bí kò bá kọ́kọ́ dí omi fún wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1912, a ṣe ìsìn ọpẹ́ nínú ilé ìsìn náà. Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary wà níbẹ̀, ọba sì fi Walker sínú ẹgbẹ́ ọlọ́lá Victoria. Lẹ́yìn èyí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1918 ni àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn búburú jà káàkiri ayé, èyí náà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ó mú Walker, ó sì kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, ọjọ́ méjìlá péré kí ogun ńlá ìgbà náà tó parí. Ẹni ọdún 49 ni. Elmers End, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni a sin ín sí.

Ní ọdún 1964 a gbé ère kékeré kan kalẹ̀ nínú ilé ìsìn Winchester ní ìrántí rẹ̀. Aṣọ amòòkùn wà lára ère náà, ṣùgbọ́n àṣìṣe ti wọ ọ̀rọ̀ náà: ojú Francis Fox ni a gbẹ́ sí i dípò ojú Walker. Ère náà dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọdún 2001 ni a tó gbé òmíràn sípò rẹ̀, èyí tí ó jọ Walker fúnra rẹ̀.