Dick Tiger: abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dènà ẹ̀ṣẹ́

Ẹni tó bá ti Mọ́níyà, Láàlúpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran wọ ìgboro Ìbàdàn, tó sì gba ọ̀nà Òkè-Àdó kọjá, yóò rí pápá ìṣeré ńlá kan tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ayé ìgbà náà kọ́. Liberty Stadium ni àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n sí. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti sọ ọ́ ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1963, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n kàn níbẹ̀, gbogbo ayé sì yíjú sí Ìbàdàn. Ẹni tó borí lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Kí ló fà á tí a fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí? Ohun tí ojú wa ń rí ni. Láwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, bí a bá lọ ṣe wáàsí tàbí ìsọmọlórúkọ, a máa ń rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi àkísà di ọwọ́, tí wọ́n ń kan ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti rí Anthony Joshua lórí fóònù, wọ́n gbọ́ pé ìran rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, wọ́n sì gbọ́ iye owó tó ń gbà. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, gbogbo wọn ló mọ bí àwọn yóò ṣe gbá ẹlòmíràn ṣubú. Ẹyọ kan kì í mọ ohun tí òun yóò ṣe bí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìtàn Dick Tiger yóò kọ́ wọn, yóò sì kọ́ àwa òbí náà.

Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Amaigbo, ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ímò lónìí. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò ní ìlú kan pàtó. Láti kékeré ló ti lọ ń ṣòwò kéékèèké ní ìlú Àbá, níbi tó ti ń lé owó oúnjẹ kiri bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń ru ọjà lọ sí Bódìjà. Àbá náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ó sì di akànṣẹ́ tó ń gbowó lọ́dún 1952. Nígbà náà, àwọn akànṣẹ́ ilẹ̀ wa máa ń fún ara wọn ní orúkọ tó ń dẹ́rù bani. Orúkọ ẹkùn ni òun mú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára dọjọ́ ikú.

Akànṣẹ́ ilẹ̀ wa kan wà tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Hogan Bassey, ọmọ agbègbè Calabar, ẹni tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lọ́dún 1957. Dick Tiger náà wọkọ̀ lọ sí Liverpool ní 1955. Òtútù ń pa á, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ kó tó rí owó jẹun. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi borí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin tó fi òwò àti ará sílẹ̀, tó wá dé ilẹ̀ àjèjì tó ń fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀léra wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá padà sílé. Agbára kò wọ́n ọn, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì le bí òkúta. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ẹ̀kọ́. Ìjà tí wọ́n ń jà nílé, agbára àti ìgboyà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ ka àmì, wọ́n á sì yẹ̀ kúrò kí tirẹ̀ tó dé. Ó wá di dandan kó jókòó kọ́ iṣẹ́ náà lákọ̀tun.

Kí ni wọ́n ń pè ní dídènà ẹ̀ṣẹ́? Ìdúró ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á wà níwájú, èkejì á wà lẹ́yìn, orúnkún á rọ̀ díẹ̀. Àgbọ̀n á wálẹ̀ sí àyà kó lè fara pamọ́ sẹ́yìn èjìká. Ọwọ́ méjèèjì á gòkè dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìgúnpá méjèèjì á sún mọ́ ìhà. Bí ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ bá ń bọ̀ sójú, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni akànṣẹ́ fi ń pàdé rẹ̀ nítòsí àgbọ̀n. Kì í na ọwọ́ lọ pàdé rẹ̀ lókèèrè, nítorí ẹni tó na ọwọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, yóò gbé ọwọ́ lẹ́bàá etí bí ẹni tó ń gbọ́ fóònù, kí ẹ̀ṣẹ́ náà lè bà lé apá. Bó bá jẹ́ ikùn ló ń bọ̀ sí, ìgúnpá ni yóò fi gbà á. Yóò kàn yí ara díẹ̀ ni, kò ní sọ ọwọ́ kalẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fi ẹ̀ṣẹ́ ikùn tan ènìyàn kí orí lè ṣófo.

Èyí tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ojú. Bí nǹkan bá ń fò bọ̀ lójú, ojú a máa fẹ́ dì, orí a sì máa fẹ́ yí sẹ́yìn. Akànṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ojú rẹ̀ kó wà ní lílà, kó máa wo àyà àti èjìká ẹni tó dojú kọ ọ́, nítorí èjìká ni í kọ́kọ́ sọ ibi tí ọwọ́ ń lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹnì kan á máa ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹnì kejì kò ní í dá a padà, gbígbà nìkan ni yóò máa gbà, títí tí ọwọ́ á fi mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń ronú. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á wá kọ́ ọ bí ọwọ́ tó dènà ṣe ń san án padà lójú ẹsẹ̀.

Dick Tiger kò ga. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá jà ló ga jù ú, tí ọwọ́ wọn sì gùn ju tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò lè dúró lókèèrè. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tẹ àgbọ̀n mọ́lẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ náà bí ẹni tó gbé apata. Ọwọ́ àti apá rẹ̀ á gba ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa sún mọ́ iwájú, nígbà tó bá sì dé ìtòsí, ọwọ́ òsì rẹ̀ á yọ. Dídènà ẹ̀ṣẹ́ di ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá jà, kì í ṣe ibi ìsápamọ́sí.

Ìyípadà náà hàn láìpẹ́. Ní 1957, ó ṣẹ́gun Terry Downes ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó padà wá di olóyè àgbáyé. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ní Liverpool kan náà tí wọ́n ti ń lù ú, ó gba oyè gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ Pat McAteer ní abala kẹsàn-án. Ọdún 1959 ló kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1962, ní San Francisco, ó bá Gene Fullmer ja abala 15, ó sì gba oyè àgbáyé. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún 1963, wọ́n sì ta ọ̀mì.

Ìjà kẹta ló wá sí Ìbàdàn. Kò sí ìjà oyè àgbáyé tó tíì wáyé ní Nàìjíríà rí kó tó di ọjọ́ náà. Òmìnira wa kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìwọ̀ Oòrùn kò sì rọgbọ: lọ́dún tó ṣáájú ni ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì níbẹ̀, ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ sì ń lọ lọ́wọ́ ní kóòtù. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ Ìgbò ni àwọn ará Ìbàdàn pè ní ọmọ wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kó pé ọdún 34. Ó rìn bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń rìn, ó ń gbà á, ó sì ń dá a padà, títí tí ojú Fullmer fi wú tó sì bẹ́. Lẹ́yìn abala keje, àwọn tó wà lẹ́yìn Fullmer ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò jáde fún ìkẹjọ.

Oyè náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọdún náà, Joey Giardello ló gbà á. Ó fi sùúrù dúró títí di oṣù kẹwàá 1965 kó tó gbà á padà ní New York. Emile Griffith tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán, àmọ́ kí ọdún náà tó parí, ó gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wúwo jù ú lọ, ó sì gba oyè tiwọn lọ́wọ́ Jose Torres.

Nígbà náà ni ogun dé. Ní 1967, orílẹ̀-èdè tó pàtẹ́wọ́ fún un ní Ìbàdàn pín sí méjì. Ó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Biafra, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun níbẹ̀, ó sì ń fi eré ìdárayá kọ́ àwọn ọmọ ogun. Ní oṣù karùn-ún 1968, Bob Foster tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3 gbá a ṣubú ní abala kẹrin. Òun nìkan ṣoṣo ni ìjà tí wọ́n ti ka Dick Tiger mọ́lẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀. Ní ìparí 1969, ó dá oyè MBE tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un padà nítorí ipa tí wọ́n kó nínú ogun náà. Púpọ̀ nínú dúkìá rẹ̀ ló bá ogun lọ.

Ìjà rẹ̀ ìkẹyìn wáyé ní oṣù keje 1970. Lẹ́yìn rẹ̀, olóyè àgbáyé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yìí gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ńlá kan ní New York. Kò tijú iṣẹ́ náà, torí pé owó halali ni. Ibẹ̀ ló wà tí àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi mú un. Ìjọba gbà á láyè kó padà wálé, ó sì kú sí Àbá ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá, ọdún 1971. Ọmọ ọdún 42 ni. Ẹ̀ṣẹ́ kan wà tí ọwọ́ ẹ̀dá kankan kò lè dènà, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé.

Ó tọ́ ká sọ èyí tó kàn wá nínú ẹ̀sìn. Ànábì wa, ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a, kọ̀ fún wa láti máa lu ojú ènìyàn. Ní 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tó jókòó ní Mọ́kà lábẹ́ ẹgbẹ́ Rábítà sọ pé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé òde òní kò tọ́ fún Mùsùlùmí, nítorí ìpalára tó wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà náà mọ̀ pé orí tí wọ́n bá ń gbá léraléra kì í lọ láìfara pa, kódà bí olórí náà bá mọ ẹ̀ṣẹ́ í dènà. Nítorí náà, a kò sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè rán ọmọ rẹ̀ lọ gba ẹ̀ṣẹ́ sórí nítorí owó.

Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ mú níbẹ̀ ni bí Dick Tiger ṣe gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n, tó sì padà kọ́ ọ. Ìjà mẹ́rin ló kọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Ó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ara kó tó di ẹni tí ayé ń bẹ̀rù. Ara tí Ọlọ́hun fún wa, àmánà ni. Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń gbé ọwọ́ sókè bo ojú, tó mọ bí a ṣe ń yẹ̀, tó mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò níbẹ̀, kì í wá ìjà kiri mọ́. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá ní Akínyẹlé, Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, bí ẹ bá rí àwọn ọmọ yín tí wọ́n fi àkísà di ọwọ́ lẹ́yìn ilé, ẹ má kàn lé wọn. Ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ sọ ìtàn ọkùnrin Amaigbo yìí fún wọn.

Kí Ọlọ́hun bá wa dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.