Adé Love: Ọmọ iṣẹ́ tí kò gbàgbé ọ̀gá

Ọdún 1940 ni wọ́n bí Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Agbamu ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ní 1966 ló wọ ẹgbẹ́ aláwàdà Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá. Ní 1971 ló dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àjàní Ògún, fíìmù rẹ̀, jáde ní 1976.

Nígbà tí àwọn olè ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá tó jáde ní 1982, gbèsè wọ ọ̀gá lọ́rùn. Adé Love ló wá darí Moṣebọ́látán, àwàdà tí ọ̀gá fi padà sójú agbo. Orúkọ náà bá ọ̀rọ̀ mu.

Adé Love jáde láyé ní 1996, ṣùgbọ́n àgbà tó bá wo àwàdà náà nígbà náà yóò ṣì máa rẹ́rìn-ín.