Azikiwe: Ọmọ Ìgbò tí Èkó dìbò fún

Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú, tí ìbò bá ti dé, wọ́n á ní ká lọ du ipò nílé baba wa. Ẹ jẹ́ ká rántí Nnamdi Azikiwe. Ọmọ Ìgbò ni, Zungeru l'Ókè Ọya ni wọ́n bí i sí ní 1904, ó kàwé l'Ékòó, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Láti 1948 ni ìwé ìròyìn ti ń dá ìjà Yorùbá òun Ìgbò sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 1951, àwọn ará Èkó dìbò fún un. NCNC ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kó gbogbo àyè márààrún.

Ìbàdàn lọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ilé Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ló máa yan ẹni méjì tó máa ṣojú Èkó níjọba àpapọ̀, Action Group ti Awólọ́wọ̀ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Adélékè Adédoyin àti Ọlọ́runnímbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Azikiwe fúnra rẹ̀, ni wọ́n mú. Àwọn kan ní òṣèlú lásán ni. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wà ńbẹ̀.

Azikiwe bá kọjá sí Ìlà Oòrùn. Eyo Ita, ọmọ Ẹ́fíìkì, ló ń ṣáájú ìjọba níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1954, Azikiwe di Pírẹ́míà. Nígbà tó du ipò ààrẹ ní 1979, Anambra, Imo àti Plateau ló mú. Awólọ́wọ̀ ni Èkó fún níbò.