Charles Hamilton Houston

Charles Hamilton Houston (3 Oṣù Kẹsàn-án 1895 – 22 Oṣù Kẹrin 1950) jẹ́ agbẹjọ́rò àti olùkọ́ òfin ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di olóòtú Harvard Law Review, jọ́nà òfin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Harvard ń ṣe. Òun náà ni ó la ọ̀nà tí àwọn agbẹjọ́rò tọ̀ títí wọ́n fi fi òpin sí òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọn Adúláwọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Houston ní ìlú Washington, D.C. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, onídìrí sì ni ìyá rẹ̀. Ó gboyè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst ní ọdún 1915, lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Howard. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ìwọ̀sí tí ó rí tí a fi ń lọ àwọn ọmọ ogun Adúláwọ̀ ni ó mú un pinnu láti kọ́ òfin, kí ó lè gbèjà àwọn tí kò ní olùgbèjà.

Ipò olóòtú ní Harvard

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin Harvard ní ọdún 1919. Láti ọdún 1887 tí a ti dá jọ́nà náà sílẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń darí rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń yan àpilẹ̀kọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti amòfin, tí wọ́n ń yẹ ìtọ́kasí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń kọ àlàyé lórí ìdájọ́ tuntun. Ní àkókò yẹn, máàkì ìdánwò ni a fi ń yan àwọn olóòtú, máàkì yìí náà ni ó sì gbé Houston wọlé. Ó gba oyè òfin ní ọdún 1922 àti oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1923, kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Madrid. William Hastie, ìbátan rẹ̀, ni Adúláwọ̀ kejì tí ó di olóòtú jọ́nà náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Howard

Ní ọdún 1924, Houston bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹjọ́rò pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ó sì ń kọ́ni ní òfin ní Howard. Láti ọdún 1929 ni àkóso ilé ẹ̀kọ́ òfin náà ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ di ti ọ̀sán, ó sì mú ìlànà rẹ̀ le, títí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí i ní ọdún 1931. Thurgood Marshall, tí ó ṣe ipò kìíní nínú àwọn tó gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1933, ni ó di Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ.

Àwọn ẹjọ́ rẹ̀

Ní ọdún 1935, Houston di agbẹjọ́rò àgbà fún ẹgbẹ́ NAACP. Ilé ẹ̀kọ́ òfin ni ó kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù kò lè fi hàn pé àwọn pèsè irú rẹ̀ fún Adúláwọ̀, owó tí wọn ìbá ná láti kọ́ méjì ọgbọọgba sì pọ̀. Òun àti Marshall gba ẹjọ́ Donald Murray rò, wọ́n sì borí: Murray wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Maryland. Ìpínlẹ̀ Missouri ní tirẹ̀ fẹ́ san owó kí Lloyd Gaines lọ kọ́ òfin ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1938, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé inú Missouri gan-an ni ó ti gbọ́dọ̀ rí ẹ̀kọ́ náà gbà. Gaines pòórá ní ọdún 1939, a kò sì rí i mọ́.

Ikú rẹ̀ àti ogún tí ó fi sílẹ̀

Àìsàn ọkàn pa Houston ní ẹni ọdún 54. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, nínú ẹjọ́ Brown tí Marshall rò, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Yunifásítì Howard fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ńlá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin wọn. Ní ọdún 1990, Barack Obama di Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ààrẹ jọ́nà tí Houston kọ́kọ́ wọ̀.