Àlùfáà Olórin Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ọdún 1855 ni a bí Josiah Jesse Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta. Orin òyìnbó tí a túmọ̀ ni a ń kọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe rẹ̀. Ohùn orin a gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ gbé ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ a sì dàrú. Nígbà tí ó di àlùfáà, ohùn tí ará ilé mọ̀ ni ó fi kọ orin Ìgbàgbọ́. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìwàásù pàápàá a dúró gbọ́ orin. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó ti di àgbàlagbà, ó kọrin sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní ọdún 1930. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni a bí Fẹlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀.