Màmá Àwọn Ìbejì ní Okoyong

Kò sí ẹni tí ìwé gbé wá sí Calabar yìí nínú àwa ọmọ Yorùbá tí kò tíì gba òpópónà Mary Slessor kọjá, kí ó sì rí ère obìnrin òyìnbó tó gbé ìbejì dání. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé òun ló fòpin sí pípa ìbejì. Ọ̀rọ̀ náà kò kún tó. Láti ọdún 1846 ni àwọn míṣọ́nárì láti Scotland ti wà ní Calabar, wọ́n sì ti ń bá àṣà náà jà kí a tó bí Mary rárá. Ohun tó wù mí kí a wò ni irú ìgbé ayé tó gbé láàárín àwọn ènìyàn, nítorí èmi rò pé ibẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà.

Ìlú Aberdeen ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ọdún 1848. Bàtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n ọtí ló ń jẹ owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Dundee, Mary di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní ọmọ ọdún 11, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì ọjọ́, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìdajì kejì. Nígbà tó pé ọdún 14, ó di iṣẹ́ àṣekúdórógbó, láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní alẹ́ Sátidé tí bàbá bá ti yó dé, ìta ni ọmọ náà ń sá sí. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ọlọ́lá kan ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ọlá kankan níbẹ̀. Ẹni tí ebi ti pa rí, tí ẹ̀rù ọ̀mùtí sì ti bà rí nínú ilé baba rẹ̀, ni Ọlọ́run rán.

Ọdún 1876 ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Calabar. Ó kọ́ èdè Efik títí ó fi ń sọ ọ́ bí onílé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kúrò ní Duke Town, níbi tí àwọn òyìnbó ń gbé, kí òun lọ máa gbé ní Old Town. Ilé amọ̀ ló ń gbé níbẹ̀, oúnjẹ tí àwọn ará ìlú ń jẹ ló sì ń jẹ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe àṣehàn. Ó fẹ́ kí owó oṣù rẹ̀ ṣẹ́ kù ni, kí ó lè fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ gàárì nínú wa kó lè fi nǹkan ránṣẹ́ sílé mọ ohun tí mò ń wí.

Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ àti Janie àbúrò rẹ̀ kú tẹ̀lé ara wọn, ó wọ inú igbó lọ sí Okoyong ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1888. Ní Ekenge, ọ̀dọ̀ ìjòyè kan tó ń jẹ́ Edem, ló dúró sí. Ma Eme, arábìnrin ìjòyè náà, di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ènìyàn, Ma Eme á fi ìgò ránṣẹ́ sí i bí ẹni tó ń tọrọ òògùn. Bí Mary bá ti rí ìgò náà, ó ti mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sùn.

Lọ́jọ́ kan, igi ńlá wó lu Etim, ọmọ ìjòyè yìí, níbi tó ti ń kọ́ ilé ìgbéyàwó rẹ̀. Mary tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọmọ náà kú. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní àjẹ́ ló pa á, wọ́n lọ kó àwọn ará abúlé kan, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè fún wọn ní èso esere jẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa náà ti ń fún ènìyàn ní obo. Kí ni Mary ṣe? Kò bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó kó aṣọ olówó iyebíye jáde, ó wọ̀ ọ́ fún òkú náà, ó dé e ní fìlà, ó gbé e jókòó sábẹ́ agbòòrùn, ó gbé dígí síwájú rẹ̀. Ó bu ọlá fún ọmọ ọlọ́mọ débi tí inú àwọn èèyàn fi dùn. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti àwọn tí wọ́n dè. Òun àti káfíńtà kan, Charles Ovens, ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru, ó ń bẹ̀ ẹ̀bẹ̀, títí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màlúù ni wọ́n pa síbi òkú náà, kì í ṣe ènìyàn. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ó bá baba tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn tọkàntọkàn kó tó sọ fún un pé ohun tó fẹ́ ṣe kò dára.

Ní ti ìbejì, ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn náà ni pé ẹ̀mí èṣù ló bí ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí kò sí ẹni tó mọ èwo ni, wọ́n á pa méjèèjì, wọ́n á sì lé ìyá wọn sígbó. Kí àwa tó ń se ẹ̀wà fún ìbejì má yára yọ ṣùtì sí wọn o. Àwọn àgbà wa kan sọ ọ́ fún wa pé ìgbà kan wà tí a kì í kí ìbejì káàbọ̀ nílẹ̀ Yorùbá pàápàá. Mary kó àwọn ọmọ náà wá sílé, ó ń tọ́ wọn. Èyí tó sọ ní Janie, ní orúkọ àbúrò rẹ̀, ìbejì ni, wọ́n ti pa èkejì rẹ̀. Ní 1898, mẹ́rin nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ló kó lọ sí Scotland fún ìsinmi.

Kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ara rẹ̀ gbóná. Ní 1892 ìjọba fi í ṣe adájọ́ ní Okoyong, wọ́n sì ní kì í ṣòro fún un láti gbá ọkùnrin tó bá ń ṣe wérewère létí. Ó nífẹ̀ẹ́ olùkọ́ kan, Charles Morrison, tí Mary fi ọdún púpọ̀ jù lọ, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìjọ kò gbà kí arákùnrin náà wá sí Okoyong. Mary kò fi Okoyong sílẹ̀. Kò sì lọ́kọ títí ó fi kú. Bí ẹnì kan bá ń wàásù nípa rẹ̀ fún yín, tó sì fo ibí yìí, ẹ ní kó padà sẹ́yìn.

Nígbà tí ṣànpọ̀nná wọ Okoyong, Mary ti kó lọ sí Akpap, ṣùgbọ́n ó padà sí Ekenge lọ tọ́jú àwọn aláìsàn. Àwọn tí ara wọn le ti sá lọ. Edem tí ó ń bá fà á látijọ́ kú sí i lọ́wọ́, ní òru. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó wọ́ ọ lọ síbẹ̀, ó sì sin ín.

Ọdún 1903 ni wọ́n tó jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Okoyong. Ọdún 15 gbáko! Àwa tí à ń ka iye àwọn tó jáde síwájú lẹ́yìn ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta, tí a sì ń bínú bí wọn kò bá pọ̀, ṣé a ó lè dúró tó bẹ́ẹ̀? Ní ọdún kan náà ló ti ń wo ọ̀nà Itu, nítorí àwọn ènìyàn kan wà níwájú tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí àìsàn oríkèé kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa mọ́, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ kékeré kan tì í kiri.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, ọdún 1915, ó kú nínú ilé amọ̀ rẹ̀ ní Use. Àwọn ọmọbìnrin tó tọ́ ló yí ibùsùn rẹ̀ ká. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀ gba orí odò wá sí Calabar, orí òkè Duke Town ni wọ́n sì sin ín sí.