James Naismith: Ọkùnrin tó dá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tí kò wá àyè fún ẹjọ́ kóòṣì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn rẹfirí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mu, ìbáà ṣe ní Ìkòròdú, ìbáà ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Kóòṣì á máa pariwo létí pápá pé wọ́n rẹ́ ikọ̀ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ kejì náà ní tẹnu wọn láti sọ. Ta ló wá fún rẹfirí láṣẹ láti dá ẹjọ́ náà? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn James Naismith.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, ọdún 1861 ni wọ́n bí i nítòsí Almonte, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ọdún 1870 ni ibà táífọ́ọ̀dù pa bàbá àti ìyá rẹ̀, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló sì wò ó dàgbà. Ó kàwé gboyè ní yunifásítì McGill, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kó tó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ YMCA tó wà ní Springfield, ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1891, òtútù kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣeré níta. Ọ̀gá rẹ̀, Luther Gulick, gbé kíláàsì oníjàngbọ̀n kan tó ní ọkùnrin 18 lé e lọ́wọ́ pé kó wá eré abẹ́ òrùlé fún wọn. Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ ibi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó pín wọn sí 9 sí 9, ó sì ju bọ́ọ̀lù sáàárín wọn. Nígbà tó ń sọ ìtàn náà lórí rédíò ní ọdún 1939, ó ní ìjà ló fi parí: ojú àwọn kan wú, ẹnìkan dákú, eegun èjìká ẹlòmíràn sì yẹ̀.

Ìdí nìyí tí òfin 13 tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1892, fi múná. Adájọ́ méjì ló yàn. Ọ̀kan ń ṣọ́ àwọn òṣèré, èkejì ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe yóò jáde títí eré yóò fi parí, wọn kò sì ní í fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, àwọn balógun ikọ̀ ni yóò fohùn ṣọ̀kan bóyá kí eré tẹ̀ síwájú. Kò sí orúkọ kóòṣì níbì kankan nínú òfin náà.

Àmọ́ ẹ wo bí ayé ṣe rí! Ní ọdún 1898, Naismith lọ sí yunifásítì Kansas, òun fúnra rẹ̀ sì di kóòṣì níbẹ̀. Ìgbà 55 ni ikọ̀ rẹ̀ borí, ìgbà 60 ni wọ́n fìdí rẹmi. Nígbà tí Phog Allen, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, fẹ́ sọ kóòṣì di iṣẹ́, Naismith sọ fún un pé eré tí ènìyàn kàn ń gbá ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ́ni. Allen kò gbà, ó sì di gbajúmọ̀ kóòṣì. Ní Amẹ́ríkà, láti sáà 1910 sí 1911, òfin ka ìtọ́sọ́nà kóòṣì léèwọ̀ nígbà tí eré bá ń lọ. Sáà 1948 sí 1949 ni wọ́n tó gbà kí kóòṣì máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà ìsinmi ráńpẹ́.

Lónìí, lábẹ́ òfin FIBA, kóòṣì lè fi sùúrù bi rẹfirí léèrè nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dúró. Rẹfirí tó mọṣẹ́ á dá ìbéèrè lóhùn ní ṣókí, kò ní í bá aláriwo jiyàn, á kọ́kọ́ kìlọ̀. Bí ìkìlọ̀ kò bá wọlé, á fọn fèrè: fáòlù tẹ́kíníkà nìyẹn, ikọ̀ kejì á sì ju bọ́ọ̀lù kan sí apẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Bí ó bá di méjì sí kóòṣì lọ́rùn nítorí ìwà òun fúnra rẹ̀, ó di dandan kó kúrò ní pápá.

Naismith fojú ara rẹ̀ rí i tí eré náà wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Berlin ní ọdún 1936. Ó jáde láyé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 1939, ní Lawrence, ní Kansas. Àwọn kóòṣì tí kò kọ orúkọ wọn sínú òfin ló ń pariwo létí pápá lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹfirí tó fi ìdájọ́ sí náà ló ṣì wà.